Òórùn Ara Ògiri

Lọ́jọ́ tí a ń kó kúrò nílé Guk Hyeonsik, ó fẹ́ yọ mílíọ̀nù kan ààbọ̀ owó won nínú owó ìdógò wa nítorí òórùn tó wà lára ògiri àti ilẹ̀ tó jó, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni òórùn náà wà nísàlẹ̀ ilé, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ní Gunsan níbí, ní ilẹ̀ Korea, ọjọ́ tí ayálégbé bá jáde gan-an ni onílé máa ń dá owó ìdógò rẹ̀ padà fún un. Owó yẹn kì í sinmi. Ayálégbé á fi ránṣẹ́ sí onílé tuntun kó tó gba kọ́kọ́rọ́, onílé tuntun á fi san ti ẹni tó ń jáde lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹni yẹn náà á sáré gbé e lọ síbòmíì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó kan náà lè kó ìdílé mẹ́rin wọlé. Bí ẹnì kan bá dì í mú, gbogbo wa á dúró sójú títì, fìríìjì wa á máa wo ojú ọ̀run.

Mo fẹ́ ilé tuntun yẹn gidigidi. Ilé ilẹ̀ ni, ó kéré, òrùlé rẹ̀ búlúù, ó sì ní àgbàlá tí oòrùn ń wọ̀ láti àárọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gun àtẹ̀gùn ilé Guk lọ sí àjà kẹta pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti kábéèjì, orúnkún mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Ilé ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n ládùúgbò wa. Nígbà tí mo rí èyí, mo sunkún níwájú alágbàtà ilé, obìnrin náà sáré po kọfí fún mi. Bí owó mi ò bá sì pé lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíì ti tò sẹ́yìn mi.

A ti di ẹrù tán. Bàbá Gaon, ọkọ mi, ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù, ó gbé ìkòkò ìrẹsì oníná lé itan bí ọmọ tuntun, torí pé ìkòkò yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ilé tuntun kí oúnjẹ má bàa wọ́n wa níbẹ̀. Èmi ń gbá yàrá ẹ̀yìn. Ìgbà náà ni Guk gòkè wá pẹ̀lú Tak, ọkùnrin tó máa ń lẹ bébà ara ògiri fún gbogbo àdúgbò.

Guk ń ta awò ojú lẹ́bàá ọjà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá, ó sì fẹ́ràn owó, bí méjèèjì bá sì ti pàdé nínú onílé kan, ara ò lè tu ayálégbé.

Ó dúró láàárín yàrá, ó fa imú.

"Ìyá Gaon, kí lẹ máa ń sè níbí?"

"Ìrẹsì."

"Ìrẹsì kì í rùn báyìí."

"Ẹ ò tíì jẹ èyí tí ọkọ mi sè ni."

Tak rẹ́rìn-ín. Guk ò rẹ́rìn-ín. Ó fi bàtà ilé tó wọ̀ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ilẹ̀, tí páìpù omi gbígbóná wà lábẹ́ rẹ̀ nítorí òtútù, ti máa ń gbóná jù. Rọ́bà ilẹ̀ ibẹ̀ ti jó, ó pọ́n bí ara ẹja tí wọ́n yan. Ó wá yọ ìwé àdéhùn wa lápò, ó ká a, ó sì kà á bí oníwàásù: "Ayálégbé yóò dá ibùgbé náà padà ní ipò àtètèkọ́ṣe rẹ̀."

Mo ti ń rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dùn tó bẹ́ẹ̀ létí, àpò ẹlòmíì ló ń wò.

"Bébà ara ògiri yìí," mo ní, "ó ti wà níbí kí a tó dé. Ọdún mẹ́jọ la fi gbé e. Bébà ń gbó bí èèyàn ṣe ń gbó, òfin sì ti sọ ọ́ pé ti gbígbó kì í ṣe ti ayálégbé. Ẹ̀yin náà, Ọ̀gá Guk, irun kún orí yín nígbà tí a kó dé. Ṣé èmi ni mo fà á tu?"

Tak yíjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Guk fọwọ́ kan orí kó tó mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ti gbígbó, mo gbà," ó ní. "Ti òórùn ńkọ́? Òórùn kì í ṣe ọjọ́ orí. Ilẹ̀ tó jó ńkọ́? Ṣé ọjọ́ orí ló dáná sí i? Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni màá yọ. Màá fi ìyókù ránṣẹ́ sí yín báyìí báyìí."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í dákẹ́. Mo mọ èsì ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ ọ́.

Ìyá Guk, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ yìí ní àjà ìsàlẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe tó doenjang. Doenjang ni irú tiwa, òun la fi ń se ọbẹ̀. Ẹ̀wà sóyà ni. A ó sè é, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó mọ ọ́n bíi bíríkì, a ó fi koríko ìrẹsì dì í, a ó wá fi í sílẹ̀ nínú yàrá tó gbóná títí tí yóò fi bu, tí irun funfun yóò fi hù lára rẹ̀. Bíríkì yẹn là ń pè ní meju. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wọ inú ìkòkò amọ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀. Bó ṣe ń bu ló ń rùn, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe é kó má rùn. Ẹni tí ò bá lè fara da òórùn rẹ̀, kó má jẹ ẹ́.

Ìyàwó Guk ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó ní òórùn meju ń tẹ̀lé aṣọ òun dé iwájú oníbàárà. Ni Guk bá pàṣẹ: meju ò gbọ́dọ̀ wọ ilé mọ́, kí Màmá sinmi, kí wọ́n máa ra èyí tó wà nínú ike ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Àgbà tọ́ ti inú ike wò. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn lá sìmẹ́ńtì.

Kò pẹ́ sígbà náà ló gun òkè wá kan ilẹ̀kùn mi, àpò ẹ̀wà wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀.

"Ìyá Gaon, ṣé ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn rẹ máa ń gbóná dáadáa?"

"Ó ń gbóná, Ìyá Àgbà."

"Ta ló ń sùn níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Gaon ti lọ sí Seoul."

"Ó ti ní ẹni tó ń sùn níbẹ̀ báyìí," ó ní, ó sì gbé àpò ẹ̀wà kalẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, bí òtútù bá ti dé, tí Guk bá ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Àgbà á gòkè wá. A ó da ẹ̀wà tí a sè sínú àpò aṣọ, a ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun, a ó di èjìká ara wa mú, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́. Bàbá Gaon á máa kọrin fún wa. Ohùn rẹ̀ burú débi pé ẹ̀rín la fi ń tẹ ẹ̀wà. A ó to meju sórí ilẹ̀ gbígbóná, a ó fi dùfẹ́ẹ̀tì bò ó. Lọ́dún kan, Ìyá Àgbà fi dùfẹ́ẹ̀tì méjì bò ó torí yìnyín, ooru ò rí ọ̀nà jáde, rọ́bà ilẹ̀ sì jó. Ìyẹn ni àpá tí Guk fi bàtà tọ́ka sí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, Ìyá Àgbà á fún mi ní ìkòkò kan, á gbé ìyókù lọ sórí òrùlé, á sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àbúrò òun ní Imsil ló ṣe meju ránṣẹ́.

Guk gbà á gbọ́. Ó tún ń fi yangàn. Bí èèyàn bá lọ ra awò ojú lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní jáde kó má gbọ́ ti doenjang Imsil. "Ti ìgboro ò lè dùn tó báyìí láéláé," á ní. "Omi abúlé ni, afẹ́fẹ́ abúlé ni."

"Ọmọ mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ o," Ìyá Àgbà máa ń sọ fún mi. Mo sì ti ní kò ní gbọ́ ọ. Mi ò kì í ṣèlérí púpọ̀, torí náà mo máa ń mú àwọn tí mo bá ṣe ṣẹ.

Tak ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ti gbé imú sún mọ́ ògiri, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ọ̀gá, meju nìyí o."

"Kí ni?"

"Meju. Meju tó dáa sì ni. Ìyá mi máa ń ṣe irú ẹ̀ kó tó kú. Ebi ti ń pa mí."

Guk yíjú sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Meju! Nínú ilé mi! Màmá mi tó bí mi lọ́mọ, mo ní kó má ṣe é níbí mọ́, ó gbọ́ràn. Imsil ni wọ́n ti ń bá a ṣe é báyìí. Ìyá mi gbọ́ràn, ayálégbé ò gbọ́!"

"Meju wà níbí," mo ní. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi, mi ò sì ní sanwó ẹ̀."

"Ta ló wá ni ín? Ṣé ẹ̀wà dédé gun àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀ ni?"

"Ẹni tó ni ín mọ ara rẹ̀."

"Ìyá Gaon, má fi mí ṣeré o!"

Ó ti kúrò ní "ẹ" sí "o." Nígbà tí onílé bá ti dé ibẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dìjà. Bàbá Gaon ké láti ìsàlẹ̀: "Ìyá Gaon! Dírẹ́bà ní òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìdúró lọ́wọ́ wa o!"

"Sọ fún un kó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́!"

Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe obìnrin tó ni ilé tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wọlé, kí n san ìyókù tó bá yá.

"Ìyá Gaon, mo fẹ́ràn yín," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹni tó ń jáde nílé mi ti di ẹrù, ó jókòó síwájú mi báyìí, ó ń wo ẹnu mi. Kò sí ààbọ̀ kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá pé kí báńkì tó tì, màá pe ẹnì kejì."

Ó tọ̀nà. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rántí àgbàlá yẹn, mo rántí oòrùn tó wà níbẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà.

Ó jókòó sílẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó ń bó áyù.

"Ìyá Àgbà, ẹ tú ẹnu mi sílẹ̀."

Ó gbé rìmóòtù, ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Mo lọ pa tẹlifíṣọ̀n náà.

"Háà! Ọkùnrin yẹn fẹ́ jẹ́wọ́ fún ìyàwó ẹ̀!" ó kígbe.

"Ó jẹ́wọ́, ìyàwó gbá a létí, ó tán. Ẹ tú ẹnu mi sílẹ̀. Ọmọ yín ti gbọ́ òórùn meju."

Ó sọ áyù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú abọ́. "Ṣé o sọ fún un ni?"

"Bí mo bá ti sọ, kí ni mò ń wá níbí?"

"Bó bá mọ̀, meju mi tán nìyẹn," ó ní. "Á ní kí n padà sí ti inú ike. Ìyá Gaon, ṣé o fẹ́ kí n fi ẹnu tó kù mí kù yìí lá sìmẹ́ńtì títí n ó fi kú?"

"Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn sínú ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú Bàbá Gaon náà. Owó wa ló fẹ́ yọ."

"Èló?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún un.

Ìyá Àgbà wò mí. Mo rò pé inú máa bí i. Ẹ̀rín ni mo rí tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé etí.

"Nítorí òórùn meju mi?"

"Àti ilẹ̀ tó jó."

"Yọ ti ilẹ̀ kúrò. Òórùn nìkan, kò ní dín ní mílíọ̀nù kan?"

"Kò ní dín."

"Mílíọ̀nù kan! Òórùn lásán!" Ó gbá itan. "Tí òórùn bá tó iye yẹn, èló wá ni meju fúnra rẹ̀? Mo ti ń fi ọrọ̀ bọ́ ọmọ yẹn látìgbà yìí wá, mi ò mọ̀! Bá mi mú ọ̀pá mi."

Ó gun àtẹ̀gùn bí ọ̀dọ́bìnrin tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Èmi ni mo ń mí hẹlẹ lẹ́yìn. Nígbà tó wọ yàrá, Guk ń fi ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù rẹ̀ ṣírò.

"Màmá! Kí lẹ gun òkè wá ṣe? Orúnkún yín!"

"Fi orúnkún mi sílẹ̀. Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kí nìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú..."

"Hyeonsik, mo ní kí lo jẹ?"

Guk wo Tak, ó wò mí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ilé alájà mẹ́ta. "Ọbẹ̀ doenjang," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Abọ́ mélòó?"

"Méjì."

"Lẹ́yìn tí o jẹ méjì tán ńkọ́?"

"Mo... mo fi ìrẹsì nu ìkòkò."

"Níbo ni doenjang náà ti wá?"

"Imsil, lọ́dọ̀ Àǹtí."

"Àǹtí rẹ ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Busan láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ eyín rẹ̀. Inú ilé gogoro ló wà, kò rí ilẹ̀ débi tí yóò rí ẹ̀wà. Ojú ibi tí o dúró sí yẹn ni Imsil rẹ. Òórùn tí o fẹ́ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Gaon, òun lo fi nu ìkòkò láàárọ̀."

Tak jókòó sórí báákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Guk wo ilẹ̀ tó jó. Ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun kan tí mi ò lè gbàgbé: ó rìn lọ sídìí ògiri, ó gbé imú sí i lára, ó sì fa òórùn náà símú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kò tiẹ̀ rùn tó bí mo ṣe rò," ó ní.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó mí délẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́."

"Ìyàwó rẹ?" Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni wo ọmọ tí kò tíì mọ bàtà ọ̀tún sí ti òsì. "Ta lo rò pé ó ń bá mi ra ẹ̀wà? Òun ló ní kí n gbé e gòkè wá sọ́dọ̀ Ìyá Gaon. Ó ní aṣọ òun ò ní rùn, ọbẹ̀ ò sì ní bà jẹ́. Ọmọ yẹn ní ọpọlọ. Ìwọ nìkan ni o ò mọ̀."

"Ẹ̀yin gbogbo?"

"Àwa gbogbo," Bàbá Gaon ní láti ẹnu ọ̀nà. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́ nínú ọkọ̀, ó ti gòkè wá, ìkòkò ìrẹsì ṣì wà láyà rẹ̀. "Èmi ni mo máa ń kọrin."

Guk yọ fóònù. Kò ka ìwé kankan sí wa létí mọ́. Ó tẹ nọ́ńbà, fóònù tèmi dún, mo wò ó: owó ìdógò wa ló pé pérépéré. Mo fi ránṣẹ́ síwájú kó tó tutù. Obìnrin tó ni ilé tuntun dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú ìkòkò òdòdó lẹ́nu ọ̀nà, kí n wá mú un, pé ẹni tó ń jáde ti ń jó fún ayọ̀.

"Ìyá Gaon," Guk ní, ó ti padà sí "ẹ," "ẹ má bínú."

"Inú ò bí mi. Ẹ ra núdù fún wa, ebi ń pa dírẹ́bà."

Ó rà á. Núdù ọbẹ̀ dúdú tí gbogbo èèyàn máa ń jẹ lọ́jọ́ ìkóẹrù dé nínú abọ́ ńlá ńlá. A tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, a jókòó lé ilẹ̀ tó jó yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ló ṣì gbóná jù, Guk, ìyá rẹ̀, Tak, dírẹ́bà àti àwa méjèèjì. Ìyá Àgbà jẹ tirẹ̀ tán, ó fi igi ìjẹun tọ́ka sí mi.

"Àgbàlá tuntun yẹn, ṣé ó gba ìkòkò?"

"Ó gbà á, Ìyá Àgbà."

"Gbogbo ìkòkò mi?"

"Gbogbo rẹ̀, àti ẹ̀yin náà."

"Màmá, ṣé kò ní..." Guk bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ lo máa gbé wọn," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Guk gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó san owó bébà ara ògiri tuntun àti rọ́bà ilẹ̀ fún Tak láti àpò ara rẹ̀, Tak ò sì bá a dín kọ́bọ̀. Nígbàkígbà tí òtútù bá wọlé, ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa fún ọjọ́ méjì, á wá sí àgbàlá mi, á wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun, á tẹ ẹ̀wà títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi máa ro ó, ìyàwó rẹ̀ á jókòó sórí àga, á máa pàṣẹ fún un. Doenjang tó ń jẹ sì ti di owó: ìyá rẹ̀ ń gba owó ìkòkò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, ó sì ń fi iye tí òórùn rẹ̀ tó lé e.